Gbígbé Land Cruiser 200 láti GX tàbí GXR lọ sí VXR: ohun tí owó lè rà, ohun tí kò lè rà, àti bí iṣẹ́ náà ṣe ń tò

Toyota Land Cruiser 200 jáde ní 2007. Nínú rẹ̀, GX àti GXR ni ìpele tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, VXR ni ti òkè. Ní 2015 ni wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe fún ọjà 2016, wọ́n sì ń ṣe é bọ̀ títí di 2021. Férémù, òrùlé àti ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò yí padà ní gbogbo àkókò yẹn. Iwájú àti ẹ̀yìn ni wọ́n pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí jíìpù 2009 fi lè wọ ojú 2020, tí GX tí aṣọ lásán bo ìjókòó rẹ̀ sì fi lè gba ìjókòó awọ VXR. Iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní upgrade yìí ti di iṣẹ́ oòjọ́ ní Ládípọ̀ ní Mushin àti káàkiri Èkó. Kíìtì ń wọlé láti Ṣáínà àti Dùbáì, àwọn panẹ́lì bítà tó mọ̀ ọ́n ṣe wà nílẹ̀, owó nìkan ló kù.

Orí owó yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú àwọn ohun tó sọ VXR di VXR, a lè ra àwọn kan ká sì so wọ́n mọ́ ọkọ̀. Àwọn yòókù, ilé iṣẹ́ Toyota nìkan ló lè fi wọ́n síbẹ̀. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ tó ń dán lókè tó sì ń ró gbàǹgbàlà nísàlẹ̀ ló máa fi owó rẹ̀ rà.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má gba lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ gbọ́. Wọ́n ń ta àkọlé "VXR" lọ́jà bí ẹni ń ta bọ́tìnnì, gọ́ọ̀mù sì ló fi ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ lọ wo àwo kékeré tí Toyota fi sára ọkọ̀, yálà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. GRJ200 túmọ̀ sí ẹ́ńjìnnì V6 oní-lítà 4.0, ìyẹn 1GR-FE. URJ202 ni V8 oní-4.6, 1UR-FE. URJ200 ni V8 oní-5.7, 3UR-FE. UZJ200 ni V8 àtijọ́ oní-4.7, VDJ200 sì ni èyí tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà G, GX, GXR, VX àti VXR jẹ́ ti ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà ilẹ̀ Lárúbáwá àti irú tiwa. Àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní lẹ́tà wọ̀nyí: ẹ́ńjìnnì 5.7 ni wọ́n láti 2008, ìjókòó awọ ni, KDSS (ètò tó ń dènà fífì, a óò ṣàlàyé rẹ̀ láìpẹ́) sì wà lábẹ́ wọn láti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ kò bá tíì ra ọkọ̀, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ló rọrùn jù láti gbé ga, nítorí pé ohun tí a kò lè rà lọ́jà ti wà lára rẹ̀.

Lára àwo yẹn náà ni ẹ óò ti rí C/TR. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni kóòdù ọ̀dà, èyí tó tẹ̀lé e ni ti inú ọkọ̀. 040 ni funfun lásán, 070 ni funfun onípẹ́ẹ̀lì, 202 ni dúdú, 1F7 ni fàdákà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. A óò padà sórí 040 àti 070, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń bàjẹ́.

Lára nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ Amẹ́ríkà, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà kẹwàá ló ń sọ ọdún ọkọ̀: 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé F tó jẹ́ 2015, G tó jẹ́ 2016, àti L tó jẹ́ 2020. Kò sí kíìtì kankan tó lè yí ìyẹn padà, ẹni tó bá sì gbìyànjú láti yí i, ọ̀ràn ló ń dá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀. KDSS ni ètò epo tó ń dì tó sì ń tú ọ̀pá ìdúróṣinṣin iwájú àti ẹ̀yìn, kí jíìpù má baà fì nígbà tó bá ń kọ kọ́nà, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè lọ sókè sódò dáadáa nínú kòtò. Bí ó bá wà, ẹ óò rí sìlíńdà epo lára ọ̀pá náà, páìpù tó gba ara férémù kọjá, àti àpótí fáàfù lára férémù lọ́wọ́ òsì. Bí ẹ kò bá rí wọn, kò sí níbẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ náwó lé

Ẹ́ńjìnnì ni àkọ́kọ́. Láti sọ GRJ200 di oní-5.7, ẹ ní láti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, gíá, ọpọlọ ọkọ̀, wáyà ẹ́ńjìnnì, ọpọ́n èéfín àti ohun tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀, kẹ́ ẹ tún wá lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì padà nínú ìwé. Kí ẹ tó parí rẹ̀, iye tó ti wọlé á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ẹ lè fi kún owó tí ẹ bá rí lórí títa GX náà kẹ́ ẹ fi ra VXR gidi. Ẹ tà á.

KDSS náà kò ṣeé gbé wọlé. Ojú ìdúró rẹ̀ lára férémù, páìpù, fáàfù àti ọ̀pá rẹ̀, ilé iṣẹ́ ló ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹ́ẹ́sì tó pín sí ọ̀nà mẹ́rin bẹ́ẹ̀ náà ni: kì í ṣe bọ́tìnnì ló mú un yàtọ̀, àpótí afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni.

Òrùlé tó ń ṣí ń kọ́? Àwọn kan máa ń gé òrùlé GX láti fi gíláàsì sí i. Ẹ má ṣe é. Airbag tó ń já bọ́ bí aṣọ ìkélé ń gba etí òrùlé kọjá, irin tí wọ́n sì gé kúrò wà lára ohun tó ń dáàbò bo orí yín bí ọkọ̀ bá yí. Omi òjò pẹ̀lú nílò ọ̀nà tí yóò gbà ṣàn jáde láti igun gíláàsì náà, òrùlé GX kò sì ní in. Láàárín òjò méjì, kápẹ́ẹ̀tì á ti máa rùn.

Èyí tó kẹ́yìn ni bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́. Ti Toyota gidi nílò ọwọ́ ilẹ̀kùn tó yàtọ̀, áńtẹ́nà káàkiri inú ọkọ̀ àti ọpọlọ tirẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ń tan ohun tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ jẹ ni, nípa fífi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ pamọ́ sínú dáṣíbọ́ọ̀dù títí láé. Ọkọ̀ tí olè fẹ́ràn tó Land Cruiser kò yẹ kó ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Abẹ́ ọkọ̀ ló ṣáájú ojú

Kí ẹ tó ra gíríìlì kankan, ẹ pààrọ̀ ṣọ́kù tó ti ń da epo, búúṣì apá ìsàlẹ̀ tó ti ya, àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tó ti ń ró. Rímù ńlá àti táyà tínrín máa ń gbé gbogbo ìgbá kòtò lé àwọn nǹkan wọ̀nyí, èyí tó bá ti rẹ̀ nínú wọn kò sì ní pẹ́ ya.

Bí ọkọ̀ yín bá ní KDSS, ẹ má tú ọ̀pá ìdúróṣinṣin tàbí ṣọ́kù kẹ́ ẹ tó ṣí fáàfù rẹ̀. Kí ọkọ̀ dúró sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ hẹ́kísì 5 tú skírúù méjèèjì tó wà lára àpótí fáàfù ní ìyípo méjì sí mẹ́ta, ẹ má yọ wọ́n tán. Bí iṣẹ́ bá parí, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sílẹ̀, ẹ mi ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì díẹ̀, lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ dì í. Mẹkáníìkì tí kò bá mọ èyí á máa fi irin gbọ́n ọ̀pá náà kó lè wọlé, ọkọ̀ á sì jáde lọ́wọ́ rẹ̀ ní fífì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bíréèkì jẹ́ ibi kan tí owó ti ń sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ tó dára sí i ní òótọ́. Lára àwọn ti Amẹ́ríkà, díìsì iwájú kúrò ní mílímítà 340, ó di 354 ní 2016. Ẹ lè gbé ti 2016 lọ sórí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n díìsì, kálípà, páàdì àti irin pẹlẹbẹ tó ń dí eruku ni kẹ́ ẹ rà pọ̀. Rímù 17 lè máà bo kálípà ńlá yìí, nítorí náà ẹ fi rímù sí i, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ yí i ní odindi ìyípo kan, kẹ́ ẹ tó so páìpù epo bíréèkì.

Rímù wá. Land Cruiser 200 ní bóòlùtì márùn-ún lórí òbìrí 150, ihò àárín rẹ̀ jẹ́ mílímítà 110, bóòlùtì rẹ̀ sì jẹ́ M14 oní-1.5. Bí ihò àárín rímù bá tóbi ju 110 lọ, ẹ fi òrùka ìdí sí i. Láìsí i, sítíárìn á máa gbọ̀n láti ọgọ́rin kìlómítà sókè, fọkanáísà á sì máa ṣe bálánsì títí láì rí ìdí rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ló léwu jù níbí. Rímù Toyota ń lo nọ́ọ̀tì ọlọ́rùn gígùn tó ní wáṣà pẹrẹsẹ. Ọ̀pọ̀ rímù ọjà ń lo nọ́ọ̀tì tí ẹnu rẹ̀ sún bíi kóònù. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì pẹrẹsẹ dì rímù kóònù, díẹ̀ ni irin á fi kan irin, á tú lójú ọ̀nà. Fún rímù álọ́ì, 131 Nm ni ìdè rẹ̀, kẹ́ ẹ dì í ní ọ̀nà ìràwọ̀, kẹ́ ẹ sì tún un dì lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún kìlómítà.

Táyà 285/65R17 ga ní mílímítà 802. 285/60R18 jẹ́ 799, 285/50R20 jẹ́ 793. Àwọn wọ̀nyí súnmọ́ra, sípídómítà kò ní parọ́. 275/40R22 jẹ́ 779. Ìyẹn ni pé sípídómítà á máa sọ ju bí ẹ ṣe ń sáré lọ, kìlómítà á sì máa yára ròkè. Ṣùgbọ́n gíga lápapọ̀ kọ́ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò, ògiri táyà ni: ti 17 jẹ́ mílímítà 185, ti 22 yẹn jẹ́ 110 péré. Ẹ gbé ìyẹn lé kòtò ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn nínú òjò, kẹ́ ẹ fúnra yín sọ èyí tí rímù rẹ̀ á ya. 20 ni òpin tí ọgbọ́n gbà. Nọ́ńbà ẹrù táyà kò gbọ́dọ̀ kéré sí 112, èyí tó túmọ̀ sí kìlógíráàmù 1,120 lórí táyà kan. Ọkọ̀ yìí wúwo. Ẹ sì wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àkọlé DOT tó wà lára ògiri táyà, ó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ní 2019.

Rírà kíìtì ojú

Kíìtì tó pé ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà méjèèjì, bọ́ńpà iwájú, gíríìlì, iná iwájú, iná fọ́ọ̀gì, bọ́ńpà ẹ̀yìn, iná ẹ̀yìn àti ìlà tó wà lókè nọ́ńbà ọkọ̀ lẹ́yìn. Iná iwájú tuntun kò lè jókòó sínú fẹ́ńdà àtijọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ta "bọ́ńpà àti iná nìkan" fún yín ń ta ìṣòro fún yín.

Bọ́ńpà tó jẹ́ pílásítíìkì PP ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti fáíbà. PP máa ń tẹ̀, ó sì máa ń padà. Wọ́n sábà máa ń tẹ >PP< sí inú rẹ̀. Fáíbà le, ó wúwo, ibi tí skírúù bá ti mú un ló ti ń ya, afínọ̀dà á sì fi fílà dí i lójú yín láìsọ̀rọ̀.

Kí wọ́n ṣí àpótí lójú yín. Ohun tó máa ń sọnù kì í ṣe ohun ńlá: abọ́ inú fẹ́ńdà, ìdè ẹ̀gbẹ́ bọ́ńpà, ìbòrí orí rédíétọ̀, rọ́bà etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìbòrí ojú ìwọ́ fífà, àti kílíìpù. Ní Ládípọ̀, ríra wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lè gbà yín ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ so iná kọ̀ọ̀kan mọ́ bátìrì volt 12 nínú ṣọ́ọ̀bù: iná kékeré, iná gígùn, iná ìyípo, iná ojúmọmọ. Ẹ gbé e sókè síbi oòrùn, bí ẹ bá rí ìrì nínú gíláàsì rẹ̀, ẹ dá a padà.

Ìtò, kíkùn, ìdè

Gbogbo ohun tó wà nínú kíìtì ni kẹ́ ẹ gbé sára ọkọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fín ọ̀dà kankan. Àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ èyí nítorí pé iṣẹ́ ìlọ́po méjì ni, ṣùgbọ́n bọ́ńpà tí wọ́n ti kùn tán tí kò wá bá fẹ́ńdà mu, fífi iná yọ́ ọ àti gígé e ló kù, ọ̀dà á sì lọ.

Ẹ yọ ẹnu bátìrì tó jẹ́ àyọkúrò, kẹ́ ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 90 ó kéré tán kí iná tó wà nínú ètò airbag tó tán. Ẹ ya fọ́tò ojú wáyà gbogbo. Ẹ yọ gíríìlì, bọ́ńpà, iná, abọ́ inú fẹ́ńdà, fẹ́ńdà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀nà yẹn. Ẹni méjì ni kó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bóòlùtì kọ̀ọ̀kan wọ inú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú orúkọ.

Ilẹ̀kùn iwájú ni ìbẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n, nítorí pé òun nìkan ni kò kúrò níbẹ̀. Ẹ gbé fẹ́ńdà lé, ẹ fi ọwọ́ nìkan mú bóòlùtì rẹ̀, kẹ́ ẹ tò ó kí àlàfo láàárín òun àti ilẹ̀kùn jẹ́ mílímítà 4 sí 5 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló kàn, ẹ tò ó sí fẹ́ńdà, kì í ṣe fẹ́ńdà sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná, bọ́ńpà ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá fi bọ́ńpà bẹ̀rẹ̀ á rí i pé bọ́nẹ́ẹ̀tì ń kan iná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù bá a wí. Ohun tí ojú ń rí kì í ṣe iye àlàfo, bí ti ọ̀tún àti ti òsì kò ṣe dọ́gba ni.

Irin ńlá tó wà lẹ́yìn bọ́ńpà, tó so mọ́ férémù, kò gbọ́dọ̀ kúrò. Bí bọ́ńpà tuntun bá kàn án, ìdè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ sún. Mo mọ̀ pé wọ́n máa sọ fún yín pé "kò ṣe nǹkan kan". Òun ló ń gba ìgbá kí ó tó dé rédíétọ̀ àti sẹ́ńsọ̀ airbag iwájú. Sẹ́ńsọ̀ wọ̀nyẹn pẹ̀lú, níbi tí Toyota dè wọ́n mọ́ ni kí wọ́n wà. Èyí tí a gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ lè pẹ́ kó tó mọ̀ pé ọkọ̀ ti forí sọ nǹkan.

Ẹ ti bọ́nẹ́ẹ̀tì pa nígbà mẹ́wàá, kẹ́ ẹ fà á láti ìta. Ìkọ́ kejì, èyí tí ìka ń tú, gbọ́dọ̀ mú un nígbà gbogbo bí ìkọ́ àkọ́kọ́ bá tú. Bí kò bá mú un, ọkọ̀ yẹn kò tíì ṣeé wà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti bára mu, ẹ yọ wọ́n padà fún ọ̀dà. Pílásítíìkì tuntun ní epo mọ́ọ̀dù lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ fi ohun tó ń pa gíríìsì nù ún, ẹ fi páálí iyanrìn fífẹ́ pa á, kẹ́ ẹ wá fi adẹ̀mọ́ pílásítíìkì sí i kí práímà tó dé. Bí wọ́n bá fo ìgbésẹ̀ yìí, ọ̀dà á máa bó bí awọ nígbà tí onífọ́kọ̀ bá fi omi líle fọ̀ ọ́. Práímà tó bá gbẹ, páálí 400 àti 600 pẹ̀lú omi, lẹ́yìn náà ọ̀dà, lẹ́yìn náà kílíà ìpele méjì.

040 àti 070 wá. 040 jẹ́ funfun kan ṣoṣo. 070 jẹ́ ìpele mẹ́ta: funfun nísàlẹ̀, pẹ́ẹ̀lì láàárín, kílíà lókè. Iye ìgbà tí wọ́n fín pẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu bí funfun náà ṣe máa rí. Ẹ ní kí wọ́n fín páálí kékeré mẹ́ta, ọ̀kan pẹ̀lú pẹ́ẹ̀lì ìgbà méjì, ọ̀kan mẹ́ta, ọ̀kan mẹ́rin, kẹ́ ẹ gbé wọn sára ilẹ̀kùn nínú oòrùn kẹ́ ẹ tó yan ọ̀kan. Fẹ́ńdà tí wọ́n fín 040 sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn 070 máa ń dà bí ẹni pé ó bára mu nínú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀sán gangan ló ń tú àṣírí. Nígbà òjò, bí kò bá sí yàrá tó bo dáadáa, ẹ ní sùúrù: ọ̀rinrin ń sọ kílíà di funfun bí èéfín.

Iná àti wáyà

Kò sí ìdí láti gé wáyà ọkọ̀. Ẹ ra wáyà àfikún tí ẹnu rẹ̀ kan bá ti ọkọ̀ mu, tí èkejì bá ti iná tuntun mu. Bí kò bá sí, kí rìwáyà fi mítà wọn wáyà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iná tí a tàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ wáyà kò tó ẹ̀rí. Kí ó fi lẹ́ẹ̀dì yọ́ ìsopọ̀ pọ̀, kí ó sì fi rọ́bà tó ń sún kì nígbà tí ooru bá kàn án bò ó. Téèpù dúdú nìkan á tú nínú ooru ẹ́ńjìnnì.

Iná ojúmọmọ yẹ kó tàn nígbà tí ọkọ̀ bá jí nìkan. Rìlé (síwíìṣì tí iná ń tì) ni kẹ́ ẹ lò: ẹsẹ̀ 30 sí bátìrì pẹ̀lú fíúsì, 87 sí iná, 85 sí ilẹ̀ ọkọ̀, 86 sí fíúsì tó ń jí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́. Iná ìyípo LED lè máa sáré ju bó ṣe yẹ lọ nítorí pé iná díẹ̀ ló ń fà. Rẹsístọ̀ 50 watt oní-6 ohm á tún un ṣe, àmọ́ ó máa ń gbóná gan-an. Irin ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe pílásítíìkì iná tàbí ìdìpọ̀ wáyà.

Ẹ tún ojú iná ṣe ní alẹ́. Kí afẹ́fẹ́ táyà pé, kí ẹnì kan jókòó sáyè awakọ̀, kí ọkọ̀ kọjú sí ògiri láti mítà 10. Ìlà òkè iná kékeré gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sísàlẹ̀ gíga àárín iná náà. Jíìpù yìí ga; bí ẹ kò bá ṣe èyí, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ níwájú yín ni ẹ óò máa fọ́ lójú.

Inú ọkọ̀

Ìjókòó VXR láti ara ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ ni ohun tó dára jù, torí ojú bóòlùtì mẹ́rin rẹ̀ bára mu. Wáyà ni kò bára mu. Ìjókòó oníná nílò iná tààrà pẹ̀lú fíúsì 30 àti wáyà tí ojú ibi tí a bá gé e tó mílímítà onígun mẹ́rin 4 (4 mm²). Ẹ má jí iná náà lára sókẹ́ẹ̀tì tó ń gba fóònù. Ẹnu wáyà tó bá yẹ́lò jẹ́ ti airbag. Ẹ má fi mítà wọ̀n ọ́n, ẹ má sì fi rẹsístọ̀ tan iná ìkìlọ̀ jẹ: bí ìjókòó tuntun bá ní airbag ẹ̀gbẹ́, tí ọkọ̀ kò sì ní ẹnu wáyà fún un, ẹ mọ̀ pé airbag yẹn ò ní ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ sì fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó ra.

Sítíárìn olówó tí wọ́n fi igi àti awọ ṣe dára, bó bá ṣe pé airbag yín ló jókòó sí i. Èyí tó bá ní ìbòrí lásán láìsí airbag nínú, ohun ọ̀ṣọ́ tó lè pa ènìyàn ni.

Fún ojú ńlá Android tó ń wọ àárín dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ béèrè méjì: ṣé ọkọ̀ yín ní ẹ̀rọ agbóhùngaga JBL tàbí kò ní, ṣé ẹ́ẹ́sì yín jẹ́ bọ́tìnnì ìyípo tàbí ti nọ́ńbà? Wáyà fún ọ̀kan kò ní ṣiṣẹ́ fún èkejì. Ohùn ò ní jáde, tàbí ẹ́ẹ́sì ò ní gbọ́ràn. Kámẹ́rà ẹ̀yìn Toyota ń jẹ volt 6, kì í ṣe 12. Ẹni tó bá so ó mọ́ iná ríbáásì tààrà ti sun ún. Ojú wọ̀nyí sì ń mu bátìrì lóru. Lẹ́yìn wákàtí kan tí ọkọ̀ ti sùn, ẹ wọn iná tó ń jáde láti bátìrì. Bó bá ju mílíáḿpù 50 lọ, ẹ wá ibi tó ti ń jò.

Ìdánwò àti ìwé

Ẹ wa ọkọ̀ náà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀sán fún ìṣẹ́jú ọgbọ̀n pẹ̀lú ẹ́ẹ́sì, kẹ́ ẹ máa wo ìwọ̀n ooru. Gíríìlì kan wà lọ́jà tí ojú rẹ̀ dí lẹ́yìn. Ojú abẹ́rẹ́ ooru ló ti ń hàn. Ẹ fi skánà wo gbogbo ọpọlọ ọkọ̀, pàápàá ti airbag àti ABS (ètò tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì). Ẹ fi omi rọ́bà rọ̀ sí iná àti ẹnu búùtù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì.

Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá yí padà, ẹ lọ tún un kọ ní ilé iṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀. Ní Èkó, MVAA ni. Ọlọ́pàá tó bá rí funfun lójú títì àti dúdú nínú ìwé ní ẹjọ́ láti bá yín ṣe. Gíláàsì dúdú nílò ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin 1991, bó tilẹ̀ wá bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ adójútòfò pẹ̀lú, kẹ́ ẹ kó rìsíìtì kíìtì fún wọn, torí pé iná iwájú LED méjì nìkan lè wọ́n ju ohun tí wọ́n kà sí GX ní gbogbo iwájú.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́jọ́ iwájú, "2010 tí a fi ojú 2020 sí" ni kẹ́ ẹ kọ, pẹ̀lú fọ́tò àwo ṣáṣí. Ẹ tọ́jú irin bọ́ńpà, ìjókòó àti ọpọlọ àtijọ́ títí oṣù mẹ́ta á fi kọjá, nítorí pé láàárín àkókò yẹn ni ohun tí kíìtì kò bá mu dáadáa máa ń fara hàn: bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ró ní ọgọ́fà kìlómítà, iná tó ń mu ìrì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò wọlé dáadáa mọ́.